Ekurá kékeré àti ìjàpá òkun: èwo ni àwọ̀n ń pa run jù?

Tíṣà Alágbàká:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàólójì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Àkúrẹ́ níbí, a sì ń múra ìjíròrò kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa. Ẹ̀dá òkun méjì ni mo yàn fún wọn. Èkíní ni ekurá kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rhizoprionodon acutus, tí àwọn olóyìnbó mọ̀ sí milk shark. Èkejì ni ìjàpá òkun olive ridley, ìyẹn Lepidochelys olivacea. Méjèèjì wà nínú òkun wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kò sí èyí tó tóbi nínú wọn. Ekurá yìí kì í sábà gùn ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, èyí tó gùn jù lọ nínú wọn kò tó mítà méjì. Igbá ẹ̀yìn ìjàpá náà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70, ó sì máa ń wọn bíi kìlógíráàmù 35 sí 45. Àjọ IUCN, tó ń kọ àwọn ẹ̀dá tó ń lọ sópin sílẹ̀, kó àwọn méjèèjì sí ìpele kan náà tí wọ́n ń pè ní Vulnerable.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ wá bi mí rèé: bí ewu tó wà lórí wọn bá dọ́gba, kí ló dé tí gbogbo ayé ń pariwo ìjàpá, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ekurá? Mo ní èrò tèmi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ omi kí n tó dá wọn lóhùn.

Adé Ọ̀bà-Ilé:
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Lójú tèmi, ìjàpá ni kò yẹ ká máa sunkún lé lórí. Ìjàpá kan ń yé ẹyin bí ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ekurá ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ń bímọ ni, kì í yé ẹyin, ọmọ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún àti ẹni tó ní mẹ́rin, ta ni ká kọ́kọ́ gbà sílẹ̀?

Ọmọ Odò:
Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yẹn palẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ wà. Iṣẹ́ ẹja ni mo kọ́ ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, nǹkan yìí kò sì kúrò lọ́kàn mi látìgbà náà.

Òótọ́ ni pé ìjàpá olive ridley ń yé bí ọgọ́rùn-ún ẹyin sínú ihò kan. Òru ló sábà máa ń gòkè. Á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ iyanrìn, á yé ẹyin rẹ̀ síbẹ̀, á bò ó, á wá máa fi àyà lu ilẹ̀ gbì, gbì, láti ọ̀tún sí òsì, kí iyanrìn tó dà bò ó lè dì. Ó yá, ó padà sómi. Kò ní fojú kan àwọn ọmọ náà. Oòrùn àti iyanrìn ló ń tọ́jú ẹyin fún bí ọjọ́ 45 sí 65, ooru iyanrìn yẹn náà ló sì ń pín akọ àti abo: bó bá ti gbóná ju nǹkan bí 30°C lọ, abo ló máa ń pọ̀, bó bá tutù jù bẹ́ẹ̀, akọ ló máa ń pọ̀. Ajá ń hú u, akàn ń jẹ ẹ́, ẹyẹ ń ṣà á, ọmọ èèyàn náà ń kó o. Èyí tó bá wá rí ọ̀nà dé inú omi, ẹja ńlá ti ń dúró dè é. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dàgbà nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, àgbà náà kì í sì í yá, ó máa ń gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ kí abo tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Ekurá kékeré ní tirẹ̀ ń lóyún fún nǹkan bí ọdún kan. Inú ìyá ni ọmọ ń gbé, ibi ọmọ ló sì so ó mọ́ ìyá rẹ̀, oúnjẹ ń gba ibẹ̀ wọlé fún un. Ọmọ kan sí mẹ́jọ ló lè bí, méjì sí márùn-ún ló wọ́pọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá jáde, ó ti gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 30, eyín ti pé sí i lẹ́nu, kò nílò ìyá mọ́. Ó sì ń tètè dàgbà, bó bá ti tó ọdún méjì sí mẹ́ta, òun náà ti lè bímọ.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, iye ọmọ nìkan kò sọ nǹkan kan. Ọrọ̀ ìjàpá wà lára àgbà abo. Àwọ̀n tó bá pa ọ̀kan ti pa ẹyin tí ì bá máa yé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyin ọgọ́rùn-ún kan kò sì lè dí i. Ọrọ̀ ekurá wà lára aboyún àti ọmọ tuntun. Àwọ̀n tó mú aboyún, ó pa ìyá, ó pa oyún ọdún kan mọ́ ọn, kò sì sí ẹyin tó sin síbì kan tí a ó máa retí.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ọjà Ọba:
Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ látàárọ̀. Ẹja òkun ni mo ń tà, ekurá sì wà nínú rẹ̀. Láti Ìgbókòdá ló ń wá, á gba Òkìtìpupa, á gba Oǹdó, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan ń dé ní yíyan, àwọn kan ń dé ní tútù nínú yìnyín. Àwọn kéékèèké ni oníbàárà ń béèrè jù, torí owó rẹ̀ ká wọn lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Bí mo bá yí èyí tó tutù dé àyà, láàárín lẹbẹ méjèèjì, mo máa ń rí ojú àpá kan níbẹ̀. Lára àwọn kan ó ti san, ó kù fírí. Lára àwọn míì ó ṣì là sílẹ̀, ó pupa. Ẹ̀yin tó kàwé, ṣé ìdodo nìyẹn? Ṣé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni mò ń tà?

Ẹ bá mi dá sí òórùn rẹ̀ náà. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí yìnyín bá ti tán lára ekurá, òórùn ìtọ̀ ló máa ń gbà? Ẹja yòókù kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Odò:
Mà, ẹ kú ọjà o. Ìdodo ni. Ibẹ̀ ni okùn tó so ọmọ mọ́ ibi ọmọ ti já. Èyí tó ṣì là, tó pupa, kò tíì pẹ́ rárá tí ìyá rẹ̀ bí i. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ekurá, ojú àpá yẹn gan-an ni wọ́n ń wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ ọmọ tuntun yàtọ̀ sí èyí tó ti lo àkókò díẹ̀. Ẹ ti ń fi ojú ọjà rí ohun tí àwọn ń fi ojú ìwé wá.

Ní ti òórùn, inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran rẹ̀ ló ti ń wá. Omi òkun níyọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá lọ, iyọ̀ náà sì máa ń fa omi kúrò lára wọn. Kí omi má baà tán lára ekurá, ńṣe ló ń tọ́jú yúríà pa mọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Yúríà yìí náà ni àwa ń tọ̀ dà nù. Lójú ayé rẹ̀, kò pa á lára. Bó bá kú tán, tí ooru mú un, kòkòrò àìfojúrí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ yúríà yẹn di amóníà, òun ni imú yín ń gbọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí apẹja da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù kíákíá, kó sì bò ó mọ́ yìnyín lójú ẹsẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń fọ̀ ọ́ ń ṣiṣẹ́ gidi, kíkan inú rẹ̀ ló ń borí amóníà.

Ìjàpá ń gbé inú omi iyọ̀ kan náà, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Ẹ̀yà ara kan wà nítòsí ojú rẹ̀ tó ń fa iyọ̀ jáde, omi iyọ̀ tó le yẹn á wá máa ṣàn láti ojú rẹ̀. Bó bá gòkè wá yé ẹyin, àwọn tó rí i á ní ó ń sunkún.

Ọmọ Oǹdó:
Mo rò pé ìdáhùn tí àwọn ọmọ Tíṣà ń wá ti wà nínú èyí tí Ọmọ Odò sọ kẹ́yìn yìí. Ìjàpá ń gòkè wá bá wa. Ó ń wá sórí iyanrìn, a ń rí ojú rẹ̀, a ń rí omi ojú rẹ̀. Láti kékeré la sì ti ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá, a mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ekurá kì í wá bá ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń dé Oǹdó níbí, orí rẹ̀ ti kúrò, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo. Báwo ni ọmọdé á ṣe mọ̀ pé ohun tó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ ní ìdodo?

Ẹnu ekurá sì ti bà á jẹ́ lójú ayé. Bí wọ́n bá ti pe ekurá, ẹja tó ń pa èèyàn ló ń wá sọ́kàn. Èyí tí à ń sọ yìí, ẹja wẹ́wẹ́, ede, akàn àti àwọn ẹran omi kéékèèké ló ń jẹ.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n bí sétí òkun sọ tèmi. Ẹ̀yin ará òkè ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo etíkun iyanrìn ni. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti apá Ajumo, lẹ́yìn Lẹ́kí, títí lọ dé ẹnu odò Benin, ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù létí òkun. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń fi orúkọ Màhìn wa pè é, etíkun ẹrẹ̀ Màhìn. Ìjàpá kò lè gbẹ́ ihò ẹyin sínú ẹrẹ̀. Iyanrìn tó gbẹ, tí omi kì í bò, ló ń wá. Etíkun náà sì ń jẹ wọlé. Ẹ béèrè Ayétòrò, ìlú tí àwọn bàbá wa dá sílẹ̀ ní 1947. Ilé, òpópónà, ibi ìsìnkú, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ lọ níbẹ̀. Ibi tí èèyàn kò ti rí ilẹ̀ kọ́lé sí, ibo ni ìjàpá á ti rí ilẹ̀ yé ẹyin?

Ẹrẹ̀ yìí kan náà kò ṣe ekurá kékeré ní nǹkan kan. Omi tí kò jìn létí òkun ló fẹ́ràn, bó bá jẹ́ orí ẹrẹ̀ tàbí orí iyanrìn. Ibẹ̀ ni ede wà, ibẹ̀ ni ẹja wẹ́wẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọ̀n wa wà. Nítorí náà, inú àwọ̀n la ti ń rí ìjàpá ní tiwa, a kì í sábà rí i lórí ilẹ̀. Ekurá, inú àwọ̀n kan náà ni.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kú síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni ìjàpá fi ń mí bíi tiwa, ó gbọ́dọ̀ yọrí sókè. Bí àwọ̀n bá dè é mọ́ ìsàlẹ̀ pẹ́, omi á pa á. Ekurá ní ihò ìmí márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ orí kọ̀ọ̀kan, omi gbọ́dọ̀ máa gba ẹnu rẹ̀ wọlé kó gba ihò wọ̀nyẹn jáde. Ìlúwẹ̀ẹ́ ló fi ń mú omi náà kọjá. Bí àwọ̀n bá dì í mú tí kò lè lọ síwájú, èémí rẹ̀ á dí, bó tilẹ̀ wà nínú omi. Ẹ̀dá méjì, àwọ̀n kan, ikú méjì.

Tíṣà Alágbàká:
Ọmọ Ìlàjẹ, ẹ ṣé gan-an. Mo máa kà á sétí àwọn ọmọ bó ṣe wà.

Mo ti ka nípa irin kan tí wọ́n ń fi sínú àwọ̀n àwọn ọkọ̀ tírólà tó ń kó ede, pé ó ń jẹ́ kí ìjàpá jáde. Ṣé kò lè gba ekurá náà là?

Ọmọ Odò:
TED ni wọ́n ń pè é, Tíṣà. Inú ọrùn àwọ̀n ni wọ́n ń dè é sí. Ó rí bí irin ojú fèrèsé tí wọ́n dà ní ìdagun, ihò sì wà lára àwọ̀n níbi tí irin náà parí sí. Ede á gba àárín irin kọjá lọ sí ìdí àwọ̀n. Ìjàpá tóbi, kò lè kọjá, á fara ti irin náà, á yọ̀ lọ síbi ihò, á sì jáde. Ní 1989, Amẹ́ríkà ṣòfin pé àwọn kò ní ra ede òkun lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tí àwọn apẹja rẹ̀ kò bá dáàbò bo ìjàpá bíi tiwọn. Owó ede ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìjọba gbọ́ràn.

Ẹ wá wò ó níbi tó ti dùn mí. Àlàfo àárín irin náà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Amẹ́ríkà, jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Ìjàpá àgbà kò lè gba ibẹ̀. Ekurá tí ìdodo rẹ̀ ṣì là, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, á gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ede, á lọ sí ìdí àwọ̀n níbi tí ikú wà. Irin tó gba ìjàpá là kò mọ̀ pé ekurá kékeré wà láyé. Mo ń rí àwọn tó ń sọ pé bí a bá ti gba ìjàpá là, a ti gba òkun là nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ yín mọ̀.

Adé Ọ̀bà-Ilé:
Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára o. Òfin wá ńkọ́? Ṣé òfin náà fi ekurá sílẹ̀ ni?

Ọmọ Odò:
Ó pẹ́ kó tó kàn án, ẹ̀gbọ́n. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn CITES, tó ń darí òwò ẹ̀dá inú igbó àti inú omi láàárín orílẹ̀-èdè, láti 1974. Àfikún Kìíní ni gbogbo ìjàpá òkun wà, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ máa fi wọ́n ṣòwò kọjá ẹnubodè. Ekurá kékeré kò sí níbẹ̀ rárá títí di ìpàdé Panama ní 2022, nígbà tí wọ́n kó gbogbo ìdílé rẹ̀ sí Àfikún Kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní November 2023. Ní Àfikún Kejì, wọ́n ṣì lè tà á sókè òkun, àmọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fún wọn níwèé tó fi hàn pé títà náà kò ní pa ìran rẹ̀ run. Èyí tó ń ti Ìgbókòdá wá sí Ọjà Ọba kò kọjá ẹnubodè kankan, àdéhùn yẹn kò kàn án.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ọjà Ọba:
Èyí tó kù wá di ọwọ́ wa nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ sọ òótọ́ inú mi. Láti ìgbà tí ẹ ti dá mi lóhùn lórí ìdodo yẹn, ara mi kò balẹ̀. Àmọ́ bí èmi nìkan bá ní n kò rà á mọ́, ẹlòmíràn á rà á, apẹja kò ní dá a padà sómi torí tèmi. Ó ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bí gbogbo ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja bá fohùn ṣọ̀kan pé a kò gba èyí tí ìdodo rẹ̀ ṣì là, ìyẹn lè tó nǹkan, torí apẹja kò ní máa wọ́ àwọ̀n rẹ̀ gba ibi tí kò ti ní rówó. Mo máa gbé e síwájú ìyálọ́jà. N kò ṣèlérí ohun tí wọ́n máa sọ.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Màmá, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ yín dé ibi tó yẹ. Àwa náà mọ ibi tí àwọn ọmọ ekurá máa ń pọ̀ sí àti ìgbà tí wọ́n ń pọ̀, kò sí apẹja tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọjà bá kọ̀ ọ́, a lè yà fún ibẹ̀ fún àkókò yẹn. Àmọ́ ẹ bá wa bá àwọn tírólà wí náà, torí bí àwa ọlọ́kọ̀ kékeré bá yà fún ibẹ̀ tán, tí wọ́n bá wá wọ́ àwọ̀n wọn gba ibẹ̀ lóru, kí la ṣe?

Ọmọ Odò, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ìjàpá máa ń wà nínú àwọ̀n wa nígbà míì tí kò mira mọ́. Àwọn kan á ní ó ti kú, wọ́n á jù ú sómi padà tàbí kí wọ́n pa á jẹ. Ṣé ó ti kú lóòótọ́?

Ọmọ Odò:
Kò fi dandan jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ yín, ẹ má jù ú sómi. Ìjàpá tí omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè dákẹ́ lọ gbáà bí òkú, kó sì tún jí. Bí ẹ bá jù ú padà lákòókò yẹn, ńṣe ló máa rì, á sì kú pátápátá.

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí àyà rẹ̀, ẹ má dojú rẹ̀ kọ òkè. Ẹ fi nǹkan gbé ìdí rẹ̀ ga sókè ju orí lọ, kó tó bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kí omi inú ẹ̀dọ̀fóró lè máa ṣàn jáde. Ẹ gbé e síbi òjìji. Ẹ da aṣọ tútù bo igbá ẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ ẹ má bo imú rẹ̀, ẹ má sì gbé e sínú omi. Ẹ fọwọ́ kan ìpéǹpéjú tàbí ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá á mira. Ó lè gba wákàtí mẹ́rin, ó lè gba ọjọ́ kan gbáko. Bó bá ti ń mira dáadáa, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú omi níbi tí kò sí àwọ̀n.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ọjọ́ kan gbáko nínú ọkọ̀ kékeré kì í ṣe ohun kékeré, ẹja àti èèyàn ti kún inú rẹ̀. Síbẹ̀ wákàtí mẹ́rin ṣeé ṣe, ìrìn àjò wa padà sílé gùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ṣì ń lọ sókun kì í ka ohun tí wọ́n kọ sórí fóònù. Mo máa fi ohùn gba gbogbo ohun tí o kọ yìí sílẹ̀ ní Ìlàjẹ, mo máa fi ránṣẹ́ sí wọn lálẹ́ òní, kó tó di pé wọ́n wa ọkọ̀ lọ sókun lọ́la.